Ẹ Bá Mi Yọ Fọ́tò Ẹlẹ́wù Funfun Yẹn Kúrò Lára Ògiri

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí sìmẹ́ńtì yàrá Tántì Sàlámọ̀, àbúrò yín, ní Zanguéra níbí. Ìyá mi, ẹ kú gàrí yíyan, ẹ kú èéfín. Bùròdá Ràímì, ẹ kú ìwé kíkà, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ka èyí sí Bàbá létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, kódà ibi tó bá korò.

Ara mi le, a dúpẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Láti ìgbà tí èsì báàkì, ìdánwò àṣejáde girama, ti jáde ni mo ti ń wá ilé-ìwé gíga kiri. Bí mo bá bá Tántì pàtẹ abọ́ lọ́jà Adewui láàárọ̀, ọ̀sán ni mo máa ń gun ọ̀kadà zémì lọ béèrè nípa bàólójì, ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí tí mo fẹ́ kà. Wọ́n á ní kí n padà wá lọ́la, kí n mú ìwé mìíràn wá. Tí n bá mú un wá, ẹni tó ní kí n mú un wá kò ní sí ní ìjókòó. Òjò sì ti ba ọ̀nà ilé wa jẹ́. Bí mo bá fi máa wọlé, ẹrẹ̀ á ti dé orúnkún, bàtà á wà lọ́wọ́ mi, Tántì á wá máa bi mí pé ṣé ilé-ìwé ni mo lọ ni, àbí oko ìrẹsì. Ẹ̀rín ò tilẹ̀ ń wá mọ́.

Èdè Mina ni mo fi ń tajà, Faransé ni mo fi ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé. Bí mo bá fẹ́ sunkún, èdè yín ló ń wá. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ẹ fà mí lé Tántì lọ́wọ́ ní Kétu, Yorùbá ọmọ ọdún méje náà ni mo gbé kọjá ibodè wá síbí. Mo ń kọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀. Tántì ló ń bá mi tún lẹ́tà yìí ṣe. Ó ní mo ń kọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ni mo bá wá. Ìyá mi sọ fún mi pé ẹ ti ní kí ayàwòrán sọ ọ́ di ńlá, pé ó ti wọ férémù, ó ti wà lókè àga yín ní pálọ̀: èmi nínú ẹ̀wù funfun, tí mo di ìgò mú, tí mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ ti ṣe sàráà, ẹ pín àkàrà àti ẹ̀kọ, àlùfáà ṣàdúà. Wọ́n ní Bàbá Dókítà ni wọ́n ń pè yín ní mọ́ṣáláṣí báyìí, àti pé ẹ máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀wù náà kì í ṣe tèmi. Ilé-ìwé aládàáni kan ló ni ín, ilé alájà mẹ́ta, ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo yàrá. Ọjọ́ tí wọ́n pè wá wá wo ilé-ìwé ni wọ́n tò wá sórí ìlà, ẹ̀wù kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa sì wọ̀ ya fọ́tò. Ó ṣì tutù fún òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣáájú mi. Ẹ wo àpò àyà rẹ̀ dáadáa, orúkọ ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Omi aláwọ̀ búlúù lásán ló wà nínú ìgò. Tántì rí fọ́tò náà, inú rẹ̀ dùn, ó fi ránṣẹ́. Èmi náà sì dákẹ́. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ bi mí pé ṣé dókítà ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun.

Ṣé ẹ rántí ewé ẹ̀gẹ́ yín tó ń ká kò, tó ń pọ́n, tí ẹ ní ilẹ̀ náà ló ti rẹ̀? Irú rẹ̀ wà lóko ẹ̀yìn ilé wa níbí. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá ń lọ wo ilé-ìwé, mo máa ń já ọ̀kan sáàárín ìwé mi. Mo fẹ́ mọ ilé-ìwé tó máa bá mi wò ó. Ní ilé alájà mẹ́ta yẹn, ọmọbìnrin tó ń mú wa yíká sọ pé a kì í gbé ìdọ̀tí wọ láàbù. Míkírósíkópù wọn, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, wà nínú àpótí onígíláàsì, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ń lò ó. Ó ní àlejò ló ń wò ó.

Yunifásítì ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí o ò bá tètè dé, òòró lo máa wà gbọ́ ẹ̀kọ́. Òrùlé ń jò. Àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú láàbù fẹ́ máa jẹ gàrí nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i láìrò ó, ló bá bi mí ní Yorùbá pé ọmọ ta ni mí. Òun fúnra rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ ibí ni, láti ìhà Atakpamé. Mo dárúkọ yín. Ó ti gàrí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ewé mi sábẹ́ míkírósíkópù kan tí wọ́n fi páálí ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi, ẹ̀yìn ewé náà kún fún ọmọ kòkòrò, wọ́n pẹlẹbẹ bí èèpo ìrẹsì, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ó ní kì í ṣe ilẹ̀ ló rẹ̀. Ó ní bí kòkòrò wọ̀nyí bá hu ìyẹ́ tán, àwọn ló ń gbé àìsàn láti ara ẹ̀gẹ́ kan dé òmíràn, bí ẹ̀fọn ti ń gbé ibà, àti pé igi tí ẹ bá gé lára èyí tó ń ṣàìsàn láti fi gbìn ń gbé e lọ sí oko tuntun. Mo béèrè ìbéèrè títí gàrí rẹ̀ fi wú kọjá etí abọ́. Ó ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀, kí òun lè jẹun.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ààyè tó wà fún mi ní ilé alájà mẹ́ta, mo ti dá a padà. Mi ò ní di dókítà, Bàbá mi. Ohun tó ń ṣe ewé yín ni mo fẹ́ kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa jókòó ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n á máa wò yín lójú, ìyẹn ló sì ń dùn mí ju ẹrẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí Bùròdá bá kà á fún yín tán, tí ẹ bá gbà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Gbogbo ìlú ló jẹ àkàrà. Kí gbogbo ìlú mọ̀ pé èmi ni mo dákẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ parọ́.

Ẹ bá mi yọ fọ́tò yẹn, àmọ́ ẹ má da férémù nù. Ewé tí a wò lọ́jọ́ náà ló wà nínú àpòòwé yìí, ó ti gbẹ. Bí ẹ bá dárí jì mí, ẹ fi í sí ibẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì lè ṣe é, ẹ pè mí kí ẹ bá mi wí. Ẹ ṣáà bi mí pé ṣé Àbẹ̀kẹ́ ti jẹun. Màá sọ òótọ́.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti oko tí ewé rẹ̀ tutù. Ẹ bá mi kí àlùfáà, ẹ kí ará ilé, ẹ kí gbogbo ẹni tó ṣe àmín sí àdúà náà. Mo ṣì nílò rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́