Bàbá Renata Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Sùn

Ìyá mi,

A wà dáadáa ní Puebla o, ata gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ ta gan-an. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ dókítà tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ni Anselmo ọmọ yín ń kọ́. Ọdún kìíní ló wà, ẹni tó wà lọ́dún kẹta ló yẹ kó máa dúró tì í. Lánàá, onítọ̀hún ní, "Ọmọ tuntun, ṣé èmi ni màmá ẹ ni? Mò ń lọ jẹun." Obìnrin aláìsàn tó fi sílẹ̀ fún un láti fún lóògùn oorun ò tíì jí dòní.

Látìgbà tí Anselmo ti wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò láyà Renata ọmọ wa. Bí ọmọ bá ti sùn, á jí i. Mo ní, "Bàbá Renata, oorun lásán ni o." Ó ní, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ lajú."

Ẹ bá mi kí bàbá Anselmo. Ẹ sọ pé ọmọ wọn ń ṣe dáadáa.

Ọmọ yín,
Eulalia