Arẹwà-jókòó, Ìyálé Mi Tó Ní Táyà Mẹ́rin

Agboolé Láoyè,
Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 1985.

Àyọ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé yín. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín ti fúyẹ́? Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Àìsàn kò dá mi gúnlẹ̀, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. O mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo ti jáde.

Awakọ̀ tó ń ná Ìwó ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ó ní ìyá mi ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn kò tíì fojú kàn mí láti ìgbà tí wọ́n ti sìn mí wá sílé ọkọ, pé àbí Ifẹ̀ ti di òkè òkun ni. Àyọ̀kẹ́, mọ́tò ló fà á. Kì í ṣe pé kò sí mọ́tò tó ń lọ sí Ìwó. Èyí kan ṣoṣo tí ọkọ mi fẹ́ kí n bá lọ ni kò lè lọ.

O kúkú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìyàwó mi, nígbà tí Bàbá Ádámù, àbúrò bàbá mi, gbé ohùn sókè láàárín èrò tí wọ́n ní, "Àlàní, mẹkáníìkì tí kò ní mọ́tò! Ṣé èjìká lo máa fi ru ọmọ wa dé Ifẹ̀ ni?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó búra lójú gbogbo yín pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá tún tẹ Ìwó, inú mọ́tò òun ni màá ti sọ̀ kalẹ̀.

Mọ́tò tó tìtorí rẹ̀ búra nìyí: pupa ni, ó kéré, ènìyàn méjì péré ló ń gbà, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje. Kò ní òrùlé gidi, aṣọ ni wọ́n ń fà bò ó lórí. A kò tíì máa lọ sílé ìwé nígbà tí wọ́n ṣe é. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì ló fi í ta ọkọ mi lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Bí o bá jókòó sínú rẹ̀, bí ẹni jókòó sórí ẹní ni.

Ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò kí n tó dé agboolé yìí. O mọ àṣà wa: ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, àgbà ìyàwó ni, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá, tí wọ́n jẹ́ àgbà fún gbogbo ìyàwó ilé wa, ló kọ́kọ́ fi mí ṣeré. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o kí gbogbo wa, o kò kí ìyálé rẹ tó wà lábẹ́ igi. Ó ṣáájú rẹ wọlé o! Orúkọ wo lo máa fún un?" Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ fún mọ́tò lóòótọ́. Mo sọ ọ́ ní Arẹwà-jókòó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, èmi ni mo ń nù ún. Eré ni wọ́n pè é tẹ́lẹ̀; kò pẹ́, ó di iṣẹ́ mi.

Ọkọ mi wá ní ẹ́ńjìnnì Dátsùn ni òun máa fi sí i. Ó rí ọ̀kan lára takisí tó já sí kòtò, ó fi ọmọlanke gbé e wálé. Ojú mi ló ṣe, èmi ni mo ṣí géètì fún un. Ó ní kí àgbàdo tuntun tó jáde, a ti dé Ìwó. Àgbàdo jáde, a jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú mọ́tò, kò jókòó, nítorí irin tó yẹ kó gbé e kò bá ti Dátsùn mu. Wọ́n fà á jáde, wẹ́dà jó irin tuntun mọ́ ọn. Wọ́n tún sọ̀ ọ́, ó jókòó, ọ̀pá tó ń lọ yí táyà ẹ̀yìn wá gùn jù. Wẹ́dà gé e. Ó gé e kúrú jù! Ọkọ mi di orí mú, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Iyán ni mo gún lọ́jọ́ náà o, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Èyí tó dùn mí jù, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọ. Abọ́ tánganran olódòdó tí o fi ta mí lọ́rẹ, tí mo ní n kò ní í bu nǹkan sínú rẹ̀ àfi bí ìyá mi bá wá kí mi, mo bá a lábẹ́ igi, bẹntiróòlù kún inú rẹ̀, ọkọ mi ń fọ nọ́ọ̀tì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, abọ́ mi nìyẹn." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, nítorí tìrẹ náà ni." Nítorí tèmi!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki ìtìjú bàpò, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wọ takisí lọ kí ìyá mi kí Iléyá tó dé. Ó ní, "Kí Bàbá Ádámù lè fi mí rẹ́rìn-ín títí n ó fi kú? O ò ní í wọ mọ́tò ẹlòmíràn lọ." Mo wọ ilé ìdáná, mo ń gé àlùbọ́sà tí n kò fẹ́ fi se nǹkan kan.

Ìdí tí mo fi ń kánjú, ìwọ nìkan ni mo máa sọ fún. N kò rí nǹkan oṣù mi mọ́, èébì sì ń gbé mi láàárọ̀. N kò tíì lè la ẹnu sọ fún ọkọ mi. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni yóò ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá mi ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, láti ẹnu èmi fúnra mi. Mọ́tò yẹn sì há, ó sún mọ́lẹ̀. Bí ikùn mi bá yọ, n kò ní í lè wọ̀ ọ́. Bí mo bá sì wọ̀ ọ́, n kò ní í lè jáde. Bí a kò bá lọ báyìí, ó di ẹ̀yìn ìkómọ.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tí wẹ́dà ti jó ọ̀pá náà gùn padà, ọkọ mi ṣáná sí mọ́tò. Kò dá wa lóhùn. Wọ́n tì í, wọ́n tì í, ó sì bú ramúramù! Gbogbo agboolé hó yèè. Mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ lọ. Ọkọ mi wá fẹ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, kò dé. Orí Dátsùn ga ju ti àtijọ́ lọ, ó yọ gọngọ. Ó wò ó títí, ó ní àfi kí òun tún fà á jáde kí wẹ́dà lè rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, pé ó di ẹ̀yìn Iléyá. Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá ní, "Ìyàwó, ìyálé rẹ kò fẹ́ kó o lọ!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú mi, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Arẹwà-jókòó ṣáájú mi wọlé, mo gbà, mo sì ń sìn ín. Ẹ́ńjìnnì yìí ńkọ́? Èmi ni mo ṣí géètì fún un. Ẹ̀yìn mi ló dé, àbúrò mi ni. Mo rán an níṣẹ́ lónìí, Ìwó ni mo rán an, kò sì gbọdọ̀ kọ̀ fún mi."

Mo rò pé mo ti rí ìjà. Ni Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá bá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ! Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyàwó, ìyàwó ní í rán an. Àlàní, bí orí àbúrò rẹ̀ bá ga, lu bọ́nẹ́ẹ̀tì níhò, kó gba ibẹ̀ yọjú!"

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn! Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ní kó fá irun orí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lù ú. Òjò wá ṣú, ó ń wá ohun tó máa fi dé ihò náà, kò rí irin tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo abọ́ rẹ, ó wò mí, kò lè sọ ọ́. Àyọ̀kẹ́, èmi fúnra mi ni mo gbé e fún un. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi nọ́ọ̀tì dè é yíká, ó kùn ún ní pupa. Àwọn òdòdó rẹ̀ ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá yí i po, wọ́n ní, "Háà! Arẹwà-jókòó ti fẹ́ra kù!" Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ojú wọn bọ́ sí mi lára, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n kàn ní, "Àlàní, rọra wà á o." Kò tíì yé ọkọ mi.

Inú ṣì ń bí mi, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ là ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí, kó má jẹ́ kí á fi ẹkún pàdé. Kó fún ìwọ náà ní ọkọ rere, tí kò ní í búra níwájú èrò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Àlàní.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Bí o bá rí abọ́ rẹ, má pariwo níwájú Bàbá Ádámù. Ọkọ mi ti ń sọ fún èèyàn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Kí àwọn ọkùnrin àdúgbò má sì lọ jìnnà, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá kú, àwọn ló máa tì í. Bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n gbé àga síta dè mí. Kí wọ́n má tẹ́ ẹní. Mo ti jókòó nílẹ̀ tó.