Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Bà Jẹ́

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí mo pọ̀n tí kò wúwo lẹ́yìn mi rí,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, èyí tí eyín rẹ̀ ń ká lọ́wọ́, ṣé tuntun ti ń yọ? Mò ń gbàdúrà fún yín láràárọ̀ kí n tó gbálẹ̀, torí tí mo bá ti mú ìgbálẹ̀ báyìí inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, n ò sì fẹ́ fi inú bíbí ṣàdúrà fún ọmọ. Àpótí onírin tí o ní ó máa ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́ kò ní gbàgbé yín sáàárín méjì. Òtútù tó wà nínú fìríìjì yín kò ní bá yín dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ojúure ni ọ̀gá rẹ á máa fi wò ọ́.

Èmi náà ń bẹ. Orúnkún ọ̀tún ti jẹ́ kí n gbádùn díẹ̀, tòsì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tí o fowó ránṣẹ́ sí kò jò mọ́, àfi ojú kan ṣoṣo, ibẹ̀ náà n kì í jókòó sí. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Tíṣà ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí Tíṣà á máa gbé kiri. Iléèwé alẹ́ tí mo lọ kò pẹ́, àmọ́ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò tíì jáde lórí mi. Ibi tí o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ gun ara wọn, ìwọ ṣáà máa kà á lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí o bi mí lórí fóònù pé ọkọ̀ ńkọ́, tí mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, tí mo wá ń pariwo hẹ́lò, hẹ́lò, nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mò ń gbọ́ ọ ketekete. Mo tiẹ̀ gbọ́ ọmọ rẹ tó ń bèèrè omi lẹ́yìn rẹ. Mo ti ta ọkọ̀ náà nígbà yẹn. O ti sọ fún mi pé kí n má tà á, pé kí n dúró dìgbà tí o bá wá sílé ká jọ wo ohun tó yẹ ká ṣe. N ò dúró.

Ìyàwó káfíńtà ló fà á, tàbí kí n sọ pé ojú tí mo fi wò ó ló fà á. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti bá a ra ọkọ̀ oníke funfun, tó ní ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, kò wa ọkọ̀ bí èèyàn mọ́. Èmi á wà lórí omi, màá máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bàbá rẹ lọ sí oko wa lódìkejì odò, màá wà á díẹ̀, màá gbọ́n omi díẹ̀, torí o mọ̀ pé ó ń jò lápá òsì. Òun á sáré kọjá. Ìgbì á dìde, aṣọ mi á tutù dé ìbàdí, òun á wá yíjú padà, á ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mama. Pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe omi. Mo ní èmi náà á ra oníke, bó tiẹ̀ jẹ́ àlòkù.

Alágbàtà kan wà létí omi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kòséwu, torí ohunkóhun tí o bá bi í, kò séwu ni ìdáhùn rẹ̀. Ó ní òun á bá mi ta onípákó, òun á sì bá mi wá oníke tó dáa, kò séwu. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tó fi rí ẹni rà á. N ò lọ wò ó nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Mo ní mò ń ro koríko ẹ̀yìnkùlé. Kò sí koríko kankan ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà.

Owó rẹ̀, mo gbé e lọ sí báǹkì bí o ṣe máa ń sọ. Mo fi òwú pupa dì í kí wọ́n má baà pa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì tú òwú náà lójú mi, ó dà á nù. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé nínú ojú ilà kékeré kan, ibẹ̀ kò gba orúkọ mi, mo kọ ọ́ jáde síta. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kọ ọ́ kó kéré. Mo ní orúkọ mi kò kéré. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti wò bóyá ara owó náà le, ó ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn láti inú ihò gíláàsì, ó gbóná. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi délé.

Àṣé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kòséwu mú fọ́tò ọkọ̀ kan wá nínú fóònù rẹ̀, funfun báláú, ó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo gba fóònù náà, mo yí i sódì kí n lè rí ìdí ọkọ̀, torí ìdí ni ọkọ̀ ti ń bàjẹ́, àmọ́ ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́. Ó ní Mama, fọ́tò ni, kò ní ìdí. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò ní ìdí ṣe. Mo bi í bóyá ìjà ló gbé ọkọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ àbí àìsàn, ó ní kò séwu. A rìn lọ débẹ̀, wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni. A lọ síbòmíràn, wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni. Mo wá ń rò ó pé ẹnì kan ń bẹ níwájú wa tó ń ra gbogbo ọkọ̀ ayé. Gbogbo ìgbà tí a bá sì padà dé, Kòséwu á ní kí n fún ẹsẹ̀ òun ní nǹkan, bí ẹni pé fífò ni èmi fò lọ.

Ìgbà tá a máa wá rí ọ̀kan tó wà nílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní dáradára sínú rẹ̀. Mo ní ta ló ń tẹ́ ẹní sínú ọkọ̀ ojú omi. Mo ká ẹní náà. Ọmọ mi, mo rí ẹja tó ń kọjá lọ lábẹ́. Mo sọ fún Kòséwu pé kó máa lọ, pé èmi àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti parí.

Ló bá di pé mo lọ bá alágbàtà mìíràn, obìnrin, Màdáàmù ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọ́fíìsì lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun ń gbọ̀n ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, mo kọ ọ́ pé ìyàwó káfíńtà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n kọ ibi tí mò ń gbé, mo kọ ọ́ pé ilé wa. Ó kà á, ó wò mí, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Mama. Owó fọ́ọ̀mù lọ, owó ká lọ wò ó lọ. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà báǹkì yẹn ń joro, mo sì mọ̀ pé ooru ibẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mú un joro.

Lọ́jọ́ kan ó ní oníke kò tíì dé, àmọ́ onípákó kan wà tí owó mi lè súnmọ́, kí n wá wò ó, èèyàn kì í rí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó mú mi lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ sí. Wọ́n ti kùn ún ní búlúù. Láti ẹnu géètì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lápá kan níbi tí bàbá rẹ ti máa ń jókòó. Mo lọ sí etí rẹ̀ lápá iwájú, mo fọwọ́ pa á, eyín rẹ wà níbẹ̀. Ìgbà tí eyín rẹ ń hù, tí bàbá rẹ ń gbé wa lọ sóko, etí ọkọ̀ yẹn ni o máa ń rún lẹ́nu, bàbá rẹ á sì ní kí n jẹ́ kí o jẹ ẹ́, pé pákó náà pọ̀. Ọ̀dà búlúù ti kún inú ojú eyín náà.

Ó yẹ kí n sọ fún Màdáàmù níbẹ̀ pé ọkọ̀ wa nìyí, èmi ni mo tà á, mo fẹ́ gbà á padà. N ò lè sọ ọ́. Mo rò ó pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, pé ìyá àgbà ta nǹkan rẹ̀ tán, ó tún ń wá a rà. Owó tí wọ́n sì pè lé e ti ju ti ìgbà tí mo tà á lọ fíìfíì. Mo wá ní kí n fi ẹnu já a wálẹ̀. Mo sọ pé ó ń jò lápá òsì, kí wọ́n má da ara wọn láàmú. Mo sọ pé iwájú rẹ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá dé. Mo sọ pé pákó kan wà ní ìdí rẹ̀ tí kì í ṣe pákó ọkọ̀, pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni, ilẹ̀kùn ilé ìdáná sì ni lóòótọ́, ìwọ náà rántí bí a ṣe ń fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn. Màdáàmù ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní háà, Mama, ẹ mọ ọkọ̀. Mo ní ẹni tó bá lójú á rí i. Orí mi wú.

Ọmọ mi, kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà tí bàbá rẹ kan ọkọ̀ yẹn tán, wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe rí i, mo ní ó dáa. Títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, n ò sọ àbùkù rẹ̀ kan sí wọn létí. Gbogbo rẹ̀ wá jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan náà níwájú àjèjì, torí owó.

Mo yí ẹ̀yìn, mo ń lọ, bí a ṣe ń ṣe lọ́jà, mò ń retí pé kó pè mí padà. Kò pè mí. Mo ní kò burú, á pè mí lórí fóònù. Mo gbé fóònù sínú àwo sójú fèrèsé kí ohùn rẹ̀ má baà sọnù. Ìgbà tó dún báyìí, n kò jẹ́ kó dún ẹ̀ẹ̀mejì, mo gbé e, mo ní n ò ní fi nǹkan kan lé e o. Ìwọ ni. O ní Mama, kí lẹ ò ní fi nǹkan kan lé, ọkọ̀ Bàbá ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ sọ́dọ̀ Màdáàmù. Mo ti pinnu pé màá sọ òtítọ́, kó fi mí rẹ́rìn-ín tó bá fẹ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní òun ti sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ náà pé ìyá àgbà kan tó mọ ọkọ̀ bí ẹni mọ ọmọ ẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò dáa fún omi mọ́, kó má lọ gbé èèyàn rì. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó rẹ́ ẹ sí pákó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo yẹ̀ ẹ́ wò gan-an, ó tà á fún àwọn tó ń kọ́lé.

Mo rìn lọ sí ilé tí wọ́n ń kọ́ náà. Wọ́n ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ gbé kọnkéré dúró, sìmẹ́ńtì ti bo búlúù mọ́lẹ̀. Mo wá gbogbo ilẹ̀, mo rí èyí tí eyín rẹ wà lára rẹ̀ lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì. Bíríkìlà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní mo fẹ́ fi jókòó. Ó ní kí n máa mú un lọ. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà báyìí, orí rẹ̀ ni mo gbé ìwé yìí lé tí mò ń kọ ọ́, òun ló jẹ́ kí ìlà mi tọ́ díẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe owó ọkọ̀. N ò ra ọkọ̀ mọ́. Ìyàwó káfíńtà ló ń gbé mi sọdá lọ sí oko báyìí. Ó gbọ́ pé n kò ní ọkọ̀ mọ́, ó wá sílé wa láàárọ̀, ó ní Mama, ẹ jẹ́ ká lọ. Ó máa ń rọra wà á tí mo bá wà nínú rẹ̀ kí omi má kàn mí. Kò gba owó. Mo fún un, ó dá a padà, ó ní ṣé ọwọ́ ìyá òun lòun á ti gba owó ni. N ò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Fi owó ránṣẹ́ kí n lè máa fi í sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀ nígbà tí kò bá wò mí, kí n lè gbé ojú sókè lórí omi.

Omi ò ní gbé ọ, ọmọ mi. Ohun tí o bá ní, o ò ní kà á sí àlòkù kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnu rẹ ò ní ta ohun tí ọkàn rẹ fẹ́ràn. Wàá dàgbà jù mí lọ, wàá sì gbọ́n jù mí lọ, èyí kejì ò ní le rárá. Nígbà tí o bá wá sílé, mú ọmọ tí eyín rẹ̀ ń ká yẹn dání, pákó náà ṣì lágbára, kó rí ibi tí ìyá rẹ̀ ti jẹ ẹ́ kù.

Má pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Tí o bá pè, nẹ́tíwọ̀kì ò ní dáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.