Wanda Ti Wọlé Ìbò

Àǹtí mi Rosalind,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín náà. Orókún tó ń dun Màmá ti fúyẹ́. Emmett ọkọ mi ń tọ́jú mi gan-an.

Àǹtí, Wanda tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú! Kò gbowó ìpolongo lọ́wọ́ onílé kankan. Àwa aládùúgbò la kan ilẹ̀kùn kiri fún un. Èmi àti Emmett ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn ìyá alátakò rẹ̀. Ìyá ní, "Èmi ni mo bí i, àmọ́ àwọn onílé tí ọmọ mi ń gbè lẹ́yìn fẹ́ lé mi síta. Ẹ gbé pátákó ìpolongo yín síwájú ilé mi, kó rí i tó bá wá jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Owó ilé ló lé ẹ̀yin náà kúrò nílùú. Wanda kò ní jẹ́ kí wọ́n fi kún un mọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dẹrù.

Ọmọ yín,
Lorna