Kámẹ́rà Tuntun àti Ilẹ̀kùn Ìta

Èmi, Tak Sun-rye, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, opó Ham Gil-su apẹja, tí mo ń gbé nínú ilé olórùlé búlúù lókè èbúté Songnae, ni mo sọ ìwé ìhágún yìí fún Lọ́yà Guk In-cheol láti kọ. Òun náà ni mo fi ṣe alámùúṣẹ rẹ̀. Orí mi pé, ojú mi ń ríran, kò sì sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Mo tẹnu mọ́ orí pípé yìí nítorí mo mọ ohun tí Mi-gyeong ọmọ mi yóò kọ́kọ́ sọ tó bá ka ìwé yìí dé ìdajì. Kó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìkínní. Ilé mi àti ilẹ̀ tó dúró lé jẹ́ ti Ham Mi-gyeong, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó ń gbé ní Seoul. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á títí yóò fi ṣe ohun tí mo kọ sí abala ìkeje. Mo ti gbọ́ pé ó bá àwọn kan sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ṣe ilé àlejò. Etí mi ò tíì di.

Ìkejì. Àwọn igi àti okùn tí mo fi ń sá ẹja sínú atẹ́gùn òtútù, pẹ̀lú àwọn ọ̀bẹ mi, kí àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ẹja pín wọn. Kí wọ́n má jà nítorí ọ̀bẹ eléèkù dúdú. Mo mọ̀ pé wọ́n á jà.

Ìkẹta. Kámẹ́rà àtijọ́, èyí tó ń lo fíìmù, jẹ́ ti Mi-gyeong. Bàbá rẹ̀ ló rà á fún mi lọ́dún tí a ṣègbéyàwó. Òun ni mo fi ya fọ́tò kan ṣoṣo tó dára tí a ní ti bàbá rẹ̀. Ó ga, àtẹ́rígbà wa kúrú; ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ orí ba wọlé tán, ó gbé ojú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Òkun gbé e lọ tòun tọkọ̀. A kò rí ọkọ̀, a kò rí òkú. Ohun tí a rí ni ẹnu Man-ho, àbúrò rẹ̀, tó dé láti ìlú Busan lọ́dún kejì tó ní òun rí i níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan. “Mo fojú ara mi rí i, Ìyá Mi-gyeong. Aṣọ tuntun ló wọ̀.” Mi-gyeong, tí kò tíì tó ọmọ ilé ìwé, ń jẹun lọ́wọ́ nígbà náà. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò forí balẹ̀ níwájú fọ́tò bàbá rẹ̀ rí. Ó ní òun kì í kí ẹni tó sá fi òun sílẹ̀.

Ẹni tí a kò mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá, nígbà tí òtútù ti ń dé, ni à ń gbé oúnjẹ ka iwájú fọ́tò rẹ̀, tí a ó sì ṣí ilẹ̀kùn ìta kó lè wọlé. Ọdọọdún ni Man-ho máa ń wá ṣe olórí ètò náà, tí yóò sì máa kùn sábẹ́ ẹnu pé, “À ń dáná fún ẹni tó ń jẹun ní Busan.” Èmi náà kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́. Inú bí mi sí Gil-su fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ nínú ìbínú náà.

Ìkẹrin. Kámẹ́rà tuntun, pẹ̀lú àpò rẹ̀ àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró lé, jẹ́ ti Mi-gyeong pẹ̀lú. Ẹ̀bùn tí mo fún ara mi ni. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń wo irú rẹ̀ láti ìta ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń sọ fún ara mi pé lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Nígbà tí mo rà á tán, Mi-gyeong bú mi lórí fóònù: “Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ya? Ẹja?” Mo ní, “Ẹja ni.”

Ọ̀gbẹ́ni Pyo tó tà á fún mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. “Ìyá, ẹ fi ojú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn hàn án, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí i. Kódà láàárín èrò, òun ni kámẹ́rà máa kọ́kọ́ rí. Á fi àmì onígun mẹ́rin sí i lójú, á kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́.” Mo fi ojú tèmi hàn án. Mo fi fọ́tò Gil-su hàn án. Lẹ́yìn náà mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Busan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ń kọ kámẹ́rà sí èrò ọjà ẹja títí apá fi ro mí. Àmì tó ní orúkọ rẹ̀ kò jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló jáde. Ọ̀sán gangan ni. Man-ho ti ṣí ilẹ̀kùn, mo fẹ́ ya tábìlì oúnjẹ ránṣẹ́ sí Mi-gyeong. Àmì kan wà lójú fọ́tò ọkọ mi, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà, lókè, níbi tí orí ẹni gíga máa ń wà, orúkọ kan náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà. Òkun nìkan ni mo rí. Mo tún wò ó. Àmì náà rẹlẹ̀, ó gba abẹ́ àtẹ́rígbà kọjá, ó tún ga sókè nínú ilé. Ó wá dúró sórí abọ́ ìrẹsì.

Man-ho ní, “Òtútù yìí ti pọ̀ jù,” ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo fi kámẹ́rà hàn án. Ó wò ó títí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ láìdágbére. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ Busan mọ́.

Ọkọ mi kò sá. Ó kú ni. Mo sunkún, inú mi dùn, ẹ̀rù bà mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkarùn-ún. Mo fi ẹ̀wù òtútù Gil-su, èyí tó nípọn, fún Ham Man-ho, kó má bàa sọ pé òtútù ń mú òun mọ́.

Gil-su kò jáde padà ní ọjọ́ náà. Mo rò pé nítorí ilẹ̀kùn tí a tì ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Man-ho fúnra rẹ̀ jókòó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn dì í mú ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì náà lọ dé ibi àbáwọlé, ó dúró, ó sì padà wọlé. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ó ń dúró de ẹnì kan. Èmi ti kí i, àbúrò rẹ̀ ti kí i. Ẹni tó kù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Mo sọ ọ́ fún Mi-gyeong. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀rọ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo orí yín.”

Ìkẹfà. Ajá mi jẹ́ ti Mi-gyeong bí ó bá fẹ́ ẹ. Kó má yà á lẹ́nu pé kì í sùn mọ́ síbi tí ilẹ̀ yàrá, tí iná abẹ́ rẹ̀ ń mú yá, ti gbóná jù lọ. Ibẹ̀ ni Gil-su máa ń jókòó sí báyìí.

Ìkeje. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án tó bá tẹ̀ lé ikú mi, kí a gbé abọ́ ìrẹsì méjì kalẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ilé Ham, mo mọ̀ pé ọkùnrin lẹ ń pè síwájú tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ yẹ̀ sẹ́yìn. Mi-gyeong ni kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sì forí balẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wo inú kámẹ́rà. Kó má wulẹ̀ ya fọ́tò, kò ní í jáde. Kó ṣáà máa wò. Tí ó bá rí àmì méjì tó jọ bọ́ síta, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì ta ilé náà fún ẹni tó bá wù ú.

Mo ń yára nítorí pé lóṣù yìí, tí mo bá jókòó síwájú kámẹ́rà, ó máa ń pẹ́ kó tó rí mi. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ń rí.

Ohun tí mo ní nìyí àti ohun tí mo mọ̀. Mo ti gbọ́ bí a ṣe kà á sókè, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Tak Sun-rye (ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀)
Songnae, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 2023

Ẹlẹ́rìí kìíní: Nam Geum-ja, ọ̀kan lára àwọn obìnrin àgọ́ ẹja.

Ẹlẹ́rìí kejì: Pyo Tae-sik, oníṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà. Mo fi èyí kún un pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Lọ́yà ní kí n ya fọ́tò ìyá bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé, kámẹ́rà wọn ni mo sì lò. Àmì tí kò ní orúkọ wà lójú Lọ́yà Guk, ó wà lójú Geum-ja. Èyí tó ní orúkọ ìyá kò sí lójú ìyá. Ó wà nídìí ilẹ̀kùn ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní orúkọ ọkọ wọn. Mo yẹ kámẹ́rà náà wò, kò ní àbùkù kankan. Mo na ọwọ́ láti ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọ àwọn ló máa ṣí i.