Ọkọ̀ Tí Mo Fọ Láàárọ̀

Màámi ní Ṣakí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le koko. Láàárọ̀ yìí, mo fi korobá gbé omi sọ̀ kalẹ̀ láti fúláàtì wa ní àjà kẹta, mo sì fọ ọkọ̀. Ìyàwó onílé yọjú lójú fèrèsé.

“Misturat, obìnrin kì í fọ ọkọ̀. Ọkọ ẹ dà?”

“Ọkọ̀ ló dọ̀tí, mà. Ọkọ kọ́.”

Mo tún lọ pọnmi, mo fọ táyà lójú ẹ̀.

Ẹ ní kí n bá yín kí ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí kò ti wálé. Tí mo bá rí i, màá kí i. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí àwọn àna mi ní Ìlúà bá bèèrè wa, ẹ ní mo wà dáadáa.