Orúkọ Tí Mo Sọ Àwọn Onígẹdú

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàṣì 2022
Lónìí mo kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣirò. Èmi tí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà! — Ó dáa, irọ́ ni. Àga ni mo gbé fún Ọláníkẹ́, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì fi géètì tí mò ń ṣọ́ sílẹ̀ jókòó tì í. Àgọ́-Ìwòyè ló ti kàwé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò nílé ìlagi wa. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ń tú sí fọ́múlà fún ti tuntun. Onígẹdú mélòó ló kó igi wá lóṣù tó kọjá? Ti àtijọ́ ní mọ́kànlélógójì. Tuntun ní méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàṣì
Orí-Kẹ́tùlù — Japheth ọ̀gá wa nìyẹn — ní bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba ní Fúráìdè, kí Ọláníkẹ́ máa lọ sílé. Mo bá Ọláníkẹ́ ṣàwàdà, mo ní, "Ìyàwó mi, wá bá mi ṣọ́ géètì." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba Gbénró, ẹ jọ̀ọ́."
Ó ka ìbéèrè àtijọ́ sí mi létí. Bí o bá rí Ìjàpá, Hezekiah ni kí o kà á sí. Bí o bá rí Ẹja-Ìbíadé, Nathaniel ni. Ìlà mẹ́tàdínlógún bẹ́ẹ̀. Ó ní eré ni ẹni tó kọ ọ́ ń ṣe, òun ti fò wọ́n.
Mo dìde, mo padà sí géètì.

Ọjọ́rú, 9 Máàṣì
Ọláníkẹ́ kò jẹun. Èmi náà gbé ẹ̀bà mi padà sílé.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì
Ó tún fọ́múlà náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Méjìdínlọ́gọ́ta ṣáá. Ó ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní géètì. Ta ni Ìjàpá?" Mo ní inú igbó ni kó wá a lọ. Ó bú sẹ́kún. Mo sáré lọ ṣí géètì — kò sẹ́ni tó kàn án.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Máàṣì
Aago mẹ́wàá, Japheth gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọláníkẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Ọ̀kadà gbé e gba ọ̀nà Òrù.
Bó ṣe jẹ́ nìyí. Bí Hezekiah bá pa mí lẹ́rìn-ín, Ìjàpá ni mo ń kọ sínú ìwé géètì, níbi tí wọ́n ti ń kó orúkọ sínú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá pa mí lẹ́rìn-ín, Hezekiah. Ẹnì kan, orúkọ méjì; kọ̀ǹpútà tuntun á kà á sí ẹni méjì. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù náà bẹ́ẹ̀. Adéfọlá tó ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú Ọláníkẹ́ ló fi ìlà wọ̀nyẹn bò mí láṣìírí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dákẹ́ torí iṣẹ́ géètì mi. Mo dákẹ́ títí ó fi lọ.